Rọ́bà Inú Agolo Mílíìkì

Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Ọ̀nà Addo, Ajah.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹjọ, 2024.

Rẹ̀míláyọ̀ ọmọ mi, Àwẹ̀ró tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ìrètí kékeré tí ẹ bí fún mi. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù ilẹ̀ Kánádà kò tíì rí yín gbé ṣe? Bí ẹ bá béèrè èmi, eegun mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ń dún kò tíì wó. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé àgbà láàárín àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Tísà Bàṣírát sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé kò sí ẹni tó mọ àmì í fi sórí ọ̀rọ̀ bí èmi. Mo sọ fún un pé mo mọ̀.

Mo rí fọ́tò ọkọ̀ tuntun yín, èyí tí ibùsùn wà nínú rẹ̀, tí sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹ ó máa wà lọ sí etí omi àti inú igbó láti lọ sinmi. Ó lẹ́wà. Mo gbọ́ pé o ní kí bàbá rẹ wá bá yín lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo sì gbọ́ èsì tó fún ọ, nítorí ẹ̀gbẹ́ mi níbí ló jókòó sí nígbà tó ń sọ ọ́: "Tà á. Bí o kò bá tà á, má pè mí mọ́." Wọ́n ní o sunkún, o sì búra pé o kò ní pè é mọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá dún, ó máa ń sáré sí i, bó bá rí i pé ìwọ kọ́, á tún gbé e kalẹ̀.

Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó kórìíra ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò kórìíra ìwọ tàbí ọkọ rẹ. Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sọ fún ọ pé pákó já lu bàbá rẹ lójú níbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi di olójú kan. Irọ́ ni. Èmi ìyá àgbà rẹ ni mo pa á. Bí irọ́ bá sì lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òní ni ọjọ́ náà. Gbé ọmọ kalẹ̀ kí o tó ka èyí tó kù.

Ọdún tí wọ́n ń fẹ títì ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì láti Lekki bọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ títì náà ní àgọ́ kan lẹ́yìn Lakowe, lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀ ju abúlé kan lọ. Òyìnbó mẹ́rin ló ń gbé ibẹ̀. Wọn kò kọ́ ilé fún wọn. Ilé orí táyà ni wọ́n gbé wá fún wọn, mẹ́rin, irú tìrẹ gan-an. Lábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, táǹkì méjì ló wà, ọ̀kan fún ìgbẹ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti omi abọ́. Fáàfù kan ló ń dí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irin pẹlẹbẹ ni, rọ́bà sì yí i ká kí ohunkóhun má baà jò. Tí o bá fà á, ẹ̀gbin á jáde. Tí o bá tì í padà, ó dé nìyẹn.

Iṣẹ́ bàbá rẹ ni láti máa tú táǹkì wọ̀nyẹn sínú ọkọ̀ agbẹ́gbin kí ó sì fọ̀ wọ́n. Ọláṣẹ̀hìndé mọ iṣẹ́ náà bí ẹní mọ orúkọ ara rẹ̀. Kì í jẹ́ kí fáàfù ìgbẹ́ wà ní ṣíṣí, ó ní omi á sá lọ, èyí tó nípọn á jókòó, á sì gan bíi bíríkì. Á dúró títí táǹkì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, á so họ́ọ̀sì mọ́ ọn, á ṣí ti ìgbẹ́ ṣáájú, kó tó wá ṣí ti omi ìwẹ̀, kí ọṣẹ inú rẹ̀ lè fọ họ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, á da omi mímọ́ àti oògùn aláwọ̀ aró tó ń pa òórùn, tí àwọn òyìnbó kó wá, sínú táǹkì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní agbépòó. Wọ́n pe ìwọ náà ní ọmọ agbépòó, o gbá ọ̀kan nínú wọn létí, ìyá rẹ̀ sì wá fẹjọ́ sùn. Mo bá ọ wí lójú rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo fún ọ ní ẹran méjì.

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ àwọn ilé náà. Nígbà tó yá, oògùn aró tán. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì wọlé, wọn kò kó òmíràn wá. Òórùn gba gbogbo àgọ́, ìdin sì ń yọ lẹ́nu ihò. Fóòmàn Akínọ̀ṣọ́ kó gbogbo wa jọ, ó ní, "Ẹ ní sùúrù o. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da nǹkan mìíràn síbẹ̀." Èmi Adéjọkẹ́, ọmọ Ìkirè, tí ìyá mi ti kọ́ ní ìtọ́jú ṣáláńgá kí n tó ní ọmú láyà, ṣé fóòmàn ni yóò wá kọ́ mi? Nílé wa, tí ìdin bá yọ nínú ṣáláńgá, kẹrosíìnì la ń dà sí i. Ìdin á kú, eṣinṣin á sì wábi gbà. Mo fi kẹrosíìnì pamọ́ sínú garawa ìnulẹ̀ mi. Láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, mo ń da ìgò kọ̀ọ̀kan sí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdin kú. Òórùn rọlẹ̀. Òyìnbó tó dàgbà jù nínú wọn fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Màmá, kú iṣẹ́," pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó wọ́. Mo gba ìyìn náà bí ẹní gba oyè. N kò sọ fún Akínọ̀ṣọ́, n kò sọ fún bàbá rẹ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ṣáláńgá kò ní rọ́bà, ihò inú ilẹ̀ lásán ni. Fáàfù ní rọ́bà, kẹrosíìnì sì ń jẹ rọ́bà bí ìdin ṣe ń jẹ òkú ẹran.

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn òyìnbó ti lọ sí ìlú, fáàfù méjì jọ̀wọ́ ara wọn. Táǹkì ìgbẹ́ méjì tó kún dẹ́nu ṣàn jáde, ó gba ìsàlẹ̀ lọ, ó sì wọ kànga tí abúlé ń mu. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bọ̀sún pọn omi kànga náà, ó fi po àgbo fún ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́, ọmọ náà ń ya ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yọjú wo kànga, wọ́n sì rí ohun tó léfòó.

Bàbá rẹ dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ yẹn, ó rí ìjàǹbá, ó sì wọ abẹ́ ilé orí táyà lọ láìbọ́ṣọ. Ó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ agbẹ́gbin kó lè fa ohun tó kù nínú táǹkì, ó dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀gbin, ó ń fi àkísà di ẹnu fáàfù, họ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ta ni yóò rí ènìyàn lábẹ́ táǹkì pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́, tí kò ní sọ pé òun ló ṣí i?

Wọ́n tó ogójì. Pákó, àdá, irin tí wọ́n fi ń da kọnkéré. Wọ́n fa bàbá rẹ jáde ní ẹsẹ̀ méjèèjì, orí rẹ̀ ń gbá irin títí tó fi jáde. Bọ̀sún ló kọ́kọ́ lù ú. Pákó tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ ló fi gbá a ní ojú ọ̀tún. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, Àwẹ̀ró. Ó dún bí ìgbà tí ẹyin bá bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá rẹ fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n fi irin gba ọwọ́ náà kúrò. Ó ṣubú, wọ́n gun àyà rẹ̀. Eyín rẹ̀ mẹ́ta bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, obìnrin kan sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀ bí ẹni tẹ aáyán.

Bọ̀sún ń pariwo pé, "Agbépòó! Ìgbẹ́ rẹ ni ọmọ mi mu! Ìwọ náà á kú lónìí!"

Bàbá rẹ ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀: "Mo pa á dé! Mo pa á dé ní Fráídè! Ẹ bi fóòmàn!"

Akínọ̀ṣọ́ ti sá wọ ọ́fíìsì, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọkùnrin kan tó gbé àdá rẹ́rìn-ín, ó ní, "O pa á dé? Ta ló wá ṣí i? Ìyá ẹ ni?"

Bàbá rẹ gbé orí sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe ìyá mi! Ẹ má fẹnu kan ìyá mi!"

Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ẹnu mi wà lórí mi, ahọ́n wà nínú rẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan.

Wọ́n gbé táyà kan wá, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò láti ìdí jẹnẹrétọ̀ àgọ́, wọ́n dà á lé e lórí, ó wọ inú ojú tí wọ́n ti fọ́, ó sì ké igbe kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu ènìyàn rí. Bọ̀sún yọ ìṣáná.

Ẹsẹ̀ mi gbé mi, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo ti wo bàbá rẹ títí lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ irin kan lára ọkọ̀ agbẹ́gbin: tí o bá tì í síwájú, ọkọ̀ á fa ẹ̀gbin mọ́ra, tí o bá fà á sẹ́yìn, á pọ̀ ọ́ jáde. Mo gbé ẹnu họ́ọ̀sì lé èjìká, mo sì fa irin náà sẹ́yìn. Họ́ọ̀sì gbọ̀n bí òjòlá. Ìgbẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì bú jáde. Bọ̀sún ti ṣá ìṣáná náà, mo rí iná lórí rẹ̀, mo sì kọjú họ́ọ̀sì sí i lẹ́nu. Ó gbé e ṣubú. Mo yí i sí gbogbo wọn, lójú, ní imú, lọ́nà ọ̀fun. Mo ń pariwo pé, "Ẹ máa bọ̀! Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọmọ mi, kó kọ́kọ́ jẹ èyí!" Ẹnìkan gba ẹ̀yìn wá, ó fi irin gbá apá òsì mi, ó dá. Mo fi ọ̀tún di họ́ọ̀sì mú, mo kọjú rẹ̀ sí òun náà. Akọni tó gbé àdá ń bì lórí eékún, ó ń pe ìyá rẹ̀. Wọ́n sá. N kò pa ẹ́ńjìnnì náà títí ọkọ̀ fi gbẹ. Ohun tí mo da lu bàbá rẹ lẹ́yìn náà ló fọ bẹntiróò kúrò lára rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lé e nínú ìgbẹ́, mo sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, títí ọlọ́pàá fi dé.

Ọmọ Bọ̀sún kò kú. Mo dúpẹ́ fún èyí lójoojúmọ́. Ojú bàbá rẹ kú ní tirẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n yọ ọ́ bí ẹní yọ ìgbín. Ìhà mẹ́rin ló dá. Láti ìgbà náà, gbogbo Addo ló ń kí mi ní Ìyá Akọni, tí wọ́n ń ṣípò fún mi láti jókòó, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Mo jẹ ìyìn náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ń korò lẹ́nu mi.

Nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹkáníìkì tó tú fáàfù náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi rọ́bà kan hàn mí, ó ti wú, ó ti rọ̀ bíi pọ̀nmọ́ tí wọ́n sè jù. Ó ní, "Màmá, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì ni. Ta ló da kẹrosíìnì síbẹ̀?" Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní n ó wádìí. Mo dì í mọ́ inú gèlè, mo gbé e wálé, mo sì fi í sínú agolo mílíìkì nísàlẹ̀ àpótí mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n pè wá sí àgbàlá baálẹ̀ láti parí ìjà. Akọ̀wé baálẹ̀ kọ ìwé àlàáfíà, ó sì kà á sókè: pé Ọláṣẹ̀hìndé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáàfù, pé ó tọrọ àforíjì, pé abúlé náà dárí jì í. Bàbá rẹ wà nílé ìwòsàn. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i fún un. Bọ̀sún dúró níwájú mi pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ òtítọ́, orí mi ni táyà yóò kàn. N kò mọ̀wé nígbà náà, ṣùgbọ́n etí mi kò di. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì, mo sì fi tẹ ìwé tó pe ọmọ mi ní ọ̀daràn. Ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ fi lé e lọ. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Ó rò pé bóyá òun gbàgbé, bóyá òun kò ti fáàfù dé inú lọ́jọ́ Fráídè. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń fi ojú kan ṣoṣo wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo olè. Ìwọ wá fi fọ́tò ilé orí táyà hàn án.

Mo dá kálàmù dúró níbí. Mo ti ní kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ kí ìwọ sọ fún un, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀nà ojo tún nìyẹn. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún nìyí. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá, mo pe bàbá rẹ jókòó, mo sì ka gbogbo ohun tó wà lókè yìí sí i létí, ọ̀rọ̀ lọ́rọ̀. Mo ṣí agolo, mo fi rọ́bà náà lé e lọ́wọ́. Ó ti gan báyìí, ó sì ti ya. Ó fi imú kàn án. Ó wá ní, "Wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà, Màámi. Mo ní kì í ṣe ìyá mi." Ó dìde, ó gbé àga tó jókòó lé, ó là á mọ́ ògiri, ó sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo rò pé èmi ló kàn. N kò yẹra. Ó kọjá lára mi, ó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń kí mi lórí ìdọ̀bálẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Láàárọ̀ yìí, ó gbé bébà kan wá sórí tábìlì mi. Ó ti yàwòrán táǹkì méjèèjì, fáàfù, àti rọ́bà tó yí i ká, ó sì fi ọfà sí ibi gbogbo tí omi ń gbà. Ó ní kí n fi í sínú lẹ́tà rẹ. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ti ìgbẹ́ ni kó kọ́kọ́ ṣí, kó tó kan ti omi ìwẹ̀. Kó má tà á. Ẹ sọ fún un pé mo pa á dé lọ́jọ́ Fráídè. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ó yẹ rọ́bà rẹ̀ wò."

Kò tíì pè mí ní Màámi láti ọjọ́ náà. N kò bẹ̀ ẹ́ kíákíá, egbò tó ti pẹ́ lábẹ́ aṣọ kì í jinná lọ́jọ́ tí a bá ṣí i. Ní ọ̀la, èmi àti Tísà Bàṣírát yóò lọ bá baálẹ̀ kí a kọ ìwé mìíràn. Yíǹkì kò ní kan àtàǹpàkò mi.

Pe bàbá rẹ, Àwẹ̀ró. Pè é lónìí. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ yín lójú títì àti nínú igbó. Iná kò ní jó yín, omi kò ní gbé yín. Ìrètí kò ní ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo fi ẹnu dídákẹ́ bà jẹ́, kí ó tún ṣe lójú ẹ̀mí mi. Àmín.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Adéjọkẹ́ Ògúnkúnlé.
(Kálàmù ni mo fi kọ orúkọ náà. Wò ó dáadáa.)

Àfikún: Tí òórùn bá yọ lẹ́nu ihò yín, ra oògùn tí wọ́n ṣe fún un. Bí kò bá sí, da omi sí i, kí o sì fara dà á. Má da kẹrosíìnì sí i o, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà wo ló kọ́ ọ.